Bí A Ṣe Lè Fi Aṣọ Wa Ṣe Ohun Ọ̀ṣọ́ fún Ìwé Ìrántí Orí Kọ̀ǹpútà

Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka wa, iṣẹ́ kan wà tó máa ń já lé ẹnìkan léjìká: ẹni tí yóò kó fọ́tò gbogbo wa jọ, tí yóò tò ó, tí yóò sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ di ìwé ìrántí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú ilé. Bí ọjọ́ ìbí àgbà bá ń bọ̀, tàbí tí a fẹ́ ṣe ìrántí òbí tó ti lọ, ọmọ tó bá mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀ ni gbogbo ẹbí máa ń kọjú sí. Èmi ni ọmọ yẹn nínú ẹbí tiwa. Nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi fẹ́ pé ọdún 80, àwọn ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ní kí n ṣe ìwé àwòrán kan tí àwọn ọmọ tiwọn yóò lè máa wò lórí fóònù, tí a ó sì tún lè tẹ̀ sórí bébà fún Màmá Àgbà fúnra wọn.

Ohun ọ̀ṣọ́ kò wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àìmọye ni mo rí: yìnyín, ewé pupa tó ń já bọ́ nígbà tí òtútù bá fẹ́ dé nílùú Òyìnbó, léèsì àtijọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n dára lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó ta àdìrẹ ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, fún ohun tó lé ní 40 ọdún ni à ń sọ. Kí ni yìnyín ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò irú ìyá bẹ́ẹ̀? Ọmọdé tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò tíì fojú kan ìyá ìyá rẹ̀ rí, ohun tó bá rí nínú ìwé náà ni yóò gbà pé ó jẹ́ ayé wọn. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti ṣe ohun ọ̀ṣọ́ náà fúnra mi. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká kò lè ṣe.

Kí ni ìwé alálẹ̀mọ́?

Ohun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní scrapbook ni mo ń pè ní ìwé alálẹ̀mọ́: ìwé tí a lẹ fọ́tò, lẹ́tà, tíkẹ́ẹ̀tì àti ohun ìrántí mìíràn mọ́, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó gbajúmọ̀ púpọ̀ ní Amẹ́ríkà láyé àtijọ́, débi pé Mark Twain, òǹkọ̀wé ńlá nì, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú èyí tí òun ṣe ní ọdún 1873. Gọ́ọ̀mù ti wà lójú ìwé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi lásán ni èèyàn yóò fi rẹ ẹ́ kó tó lẹ nǹkan mọ́ ọn.

Àwa náà ní tiwa. Ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde tipẹ́ yóò rántí álíbọ́ọ̀mù orí tábìlì nínú pálọ̀, tí wọ́n máa ń gbé fún àlejò kó tó mu omi tán. Ìyàtọ̀ tó wà nínú ti orí kọ̀ǹpútà ni pé a kò nílò gọ́ọ̀mù àti àlùmọ́gàjí mọ́. Ìpele-ìpele ni à ń to nǹkan: bébà ẹ̀yìn ló máa wà nísàlẹ̀ pátápátá, fọ́tò á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà férémù, rìbọ́nnì, bọ́tìnnì, òdòdó àti lẹ́tà. Ìpele kọ̀ọ̀kan dá dúró. A lè gbé e kúrò, a lè yí i, a lè sọ ọ́ di kékeré láìba èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn ohun tí à ń tò sí orí fọ́tò àti abẹ́ rẹ̀ yìí ni mo ń pè ní ohun ọ̀ṣọ́.

Òdiwọ̀n àti irú fáìlì

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ mọ òdiwọ̀n. Àwòrán orí kọ̀ǹpútà jẹ́ àkójọ ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké tí à ń pè ní píksẹ́lì. Bí a bá fẹ́ tẹ àwòrán sórí bébà kó sì mọ́lẹ̀ kedere, píksẹ́lì 300 ló yẹ kó wà nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwé tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí sábà máa ń lò jẹ́ íǹṣì 12 níbùú àti lóròó. Bí a bá sọ 12 di ìlọ́po 300, a ó rí 3,600. Nítorí náà, bébà ẹ̀yìn wa yóò jẹ́ píksẹ́lì 3,600 sí 3,600. Bí ó bá jẹ́ bébà A4 ni ẹ fẹ́ lò, píksẹ́lì 2,480 sí 3,508 ni. Àwòrán tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 600 péré, íǹṣì méjì ni yóò dé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ohun tó dán lójú fóònù lè di ìdàkudà lójú bébà.

Ọ̀rọ̀ kejì ni irú fáìlì. JPEG dára fún fọ́tò àti bébà ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò lè ní ihò. Bí ẹ bá gé òdòdó kan jáde tí ẹ sì fi pamọ́ ní JPEG, funfun onígun mẹ́rin ni yóò gbé wá lẹ́yìn ara rẹ̀ níbikíbi tí ẹ bá fi í sí. PNG ni ó mọ bí a ṣe ń fi ibi tó ṣófo sílẹ̀ ní òfìfo, kí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè hàn. Nítorí náà, gbogbo rìbọ́nnì, férémù, bọ́tìnnì àti lẹ́tà, PNG ni kí ẹ fi wọ́n pamọ́ sí.

GIMP àti Inkscape ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. GIMP wà fún fọ́tò, Inkscape sì wà fún àwòrán tí a fi ìlà yà, irú èyí tí a lè sọ di ńlá tó bó ṣe wù wá láìjẹ́ pé ó ṣú.

Láti àdìrẹ dé bébà ẹ̀yìn

Àdìrẹ kì í ṣe oríṣi kan. Oníko ni èyí tí wọ́n fi ìko so kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Alábẹ́rẹ́ ni èyí tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán. Ẹlẹ́kọ ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe ya ọnà sí. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní ràn án, yóò sì mọ́ funfun tí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Àwọn obìnrin máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà náà. Àwọn mìíràn máa ń gé páànù ní ọnà, wọn a sì ti ẹ̀kọ gba inú ihò rẹ̀ kọjá. Ẹlẹ́kọ ló rọrùn jù lọ fún iṣẹ́ wa, nítorí pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin, tí ọnà kọ̀ọ̀kan sì wà láàyè tirẹ̀.

Mo lọ bá Màmá Àgbà pé kí wọ́n yá mi ní ìró kan nínú àpótí wọn kí n lè yà á ní fọ́tò. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ orúkọ aṣọ náà. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, "Aṣọ tí o kò bá mọ orúkọ rẹ̀, má tíì gé e." Ìbàdàndùn ni. Wọ́n fi ìka tọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọnà náà hàn mí: òpó Gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, tí ṣíbí wà láàárín òpó kan àti èkejì. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Ẹni tó kọ́kọ́ ya ọnà yẹn rí ilé tuntun tó gbàfiyèsí nílùú rẹ̀, ó sì gbé e sórí aṣọ. Ohun tí à ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà lónìí kò jìnnà sí i.

Báyìí ni a ṣe ń sọ aṣọ di bébà ẹ̀yìn:

1. Ẹ lọ aṣọ náà dáadáa, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ dé ṣùgbọ́n tí oòrùn kò ràn sí tààrà. Ẹ má lo iná fóònù; yóò fi ojú funfun kan sí àárín aṣọ.

2. Ẹ dúró gangan lókè rẹ̀ kí ẹ tó yà á. Bí ìlà igun mẹ́rin inú aṣọ bá wọ́, ẹ lo ohun èlò tó ń tún ìdúró àwòrán ṣe nínú GIMP láti fà á tọ́.

3. Ẹ gé igun kan tàbí mẹ́rin tó pé jáde. Èyí ni yóò máa tún ara rẹ̀ ṣe.

4. Ẹ lọ sí Layer, lẹ́yìn náà Transform, lẹ́yìn náà Offset, kí ẹ sì ní kó sún àwòrán náà dé ìdajì ìbú àti ìdajì òró rẹ̀. Etí tó wà lóde tẹ́lẹ̀ yóò wá sí àárín, ẹ ó sì rí ibi tí ojú ìrán ti hàn. Ẹ fi ohun èlò tó ń da àwọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn pa ojú ìrán náà rẹ́.

5. Ẹ tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn títí tí yóò fi kún píksẹ́lì 3,600. Kò ní sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọnà funfun nìkan dúró, kí aró sì di òfìfo, Color to Alpha wà nínú GIMP tó lè yọ àwọ̀ kan kúrò pátápátá. Bí ó bá sì jẹ́ pé fọ́tò ni yóò wà lórí bébà náà, ẹ dín agbára àwọ̀ rẹ̀ kù. Aṣọ tó ń pariwo lẹ́yìn fọ́tò kò jẹ́ kí ojú ríbi sinmi.

Láti aṣọ òkè dé rìbọ́nnì àti férémù

Ọ̀já tóóró tóóró ni wọ́n ń hun aṣọ òkè, ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin, kí wọ́n tó rán wọn pọ̀. Ọ̀já kan ṣoṣo ti jẹ́ rìbọ́nnì tán. Etí rẹ̀ ti tọ́ láti orí òfì, nítorí náà, gígé rẹ̀ jáde kò ní lààlàá. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ gé etí rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì tò ó lóròó títí dé ibi tí ẹ fẹ́. Bí aṣọ náà bá ní wájawàja, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun kan. Òun ló ń jẹ́ kó dà bí aṣọ gidi.

Férémù kò le ju èyí lọ. Ọ̀já mẹ́rin ni a ó lò, a ó sì gé igun wọn ní ìdáǹbù gẹ́gẹ́ bí káfíńtà ṣe ń gé igi férémù, kí ojú wọn lè pàdé. Àárín rẹ̀ yóò ṣófo. Ẹtù, pẹ̀lú àwọ̀ aró tó dúdú àti ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀, bá fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun mu gan-an. Sányán, tó ní àwọ̀ ilẹ̀, dára fún fọ́tò àtijọ́ tó ti ń pọ́n. Àlàárì pupa ni mo fi sí fọ́tò ìgbéyàwó, nítorí òun ni Màmá Àgbà wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun ọ̀ṣọ́ kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn jù: igun fọ́tò, irú onígun mẹ́ta tí wọ́n máa ń fi di fọ́tò mú nínú álíbọ́ọ̀mù àtijọ́. Àbúrò kan wà fún Màmá Àgbà tó kú ní kékeré. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù nínú tirẹ̀, igun rẹ̀ kan nísàlẹ̀ sì ti ya dànù. Àwọn kan ní kí n fi ẹ̀rọ tó ń dá àwòrán sílẹ̀ fúnra rẹ̀ tún fọ́tò náà ṣe. Mi ò gbà. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè yí ojú padà díẹ̀díẹ̀, kò sì sí fọ́tò mìíràn tí a lè fi wé e. Mo gé igun mẹ́rin láti ara ẹtù, mo fi ọ̀kan bo ibi tó ya, mo fi mẹ́ta yòókù sí igun tó kù kí wọ́n lè bára mu. Fọ́tò náà kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rí ibi tó ya. Iṣẹ́ tí ohun ọ̀ṣọ́ wà fún nìyẹn.

Òjìji

Ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn rò pé wọ́n lẹ nǹkan mọ́ bébà lóòótọ́ ni òjìji rẹ̀. Nínú GIMP, ẹ lọ sí Filters, lẹ́yìn náà Light and Shadow, lẹ́yìn náà Drop Shadow. Òfin méjì péré ló wà. Àkọ́kọ́, ibì kan náà ni kí ìmọ́lẹ̀ ti wá lórí gbogbo ojú ìwé. Bí òjìji bọ́tìnnì bá wà lápá ọ̀tún, ti férémù kò gbọdọ̀ wà lápá òsì. Èkejì, bí nǹkan bá ṣe nípọn sí ni òjìji rẹ̀ yóò ṣe jìnnà sí i. Rìbọ́nnì tó lẹ̀ mọ́ bébà kò nílò ju píksẹ́lì 10 lọ, èyí tí kò tó mìlímítà kan lórí bébà. Bọ́tìnnì lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀.

Lẹ́tà tó ní àmì

Ibí yìí ló kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè jù lọ. Lábẹ́ fọ́tò kan tí bàbá àgbà mi dúró ti lọ́rì wọn, mo fẹ́ kọ "Ọkọ Màmá Àgbà." Bí a bá yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò, oko ni yóò jẹ́. Bí ẹnìkan bá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí i, lọ́rì náà ni yóò di ohun tí à ń sọ. Bí ó bá sì fi ti òkè sí i, ọkọ́ tí a fi ń roko ni. Ọmọ tó ń kọ́ Yorùbá nílùú òkèèrè kò ní ẹni tí yóò bi léèrè. Ohun tí a kọ ni yóò kà.

Lẹ́tà olówó-ẹwà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní àmì wa. Ìdí rẹ̀ nìyí. Unicode, ètò tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà kan àti àmì kan tó tẹ̀lé e ni kọ̀ǹpútà ń tò pọ̀. Bí ẹni tó ṣe lẹ́tà náà kò bá kọ́ ọ ní ibi tí àmì yóò jókòó sí, yóò fò lọ sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó di àpótí òfìfo. Charis SIL, Gentium àti Noto jẹ́ lẹ́tà ọ̀fẹ́ tó mọ iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó gba lẹ́tà kankan gbọ́, ẹ fi "ọ̀ṣọ́" dán an wò.

Bí ẹ bá fẹ́ lẹ́tà tó ní ẹwà tiyín, ẹ gé e fúnra yín láti ara aṣọ. Ó lè dà bí iṣẹ́ ńlá: kọ́ńsónáǹtì 17 láìka gb, fáwẹ́lì 7 ní ohùn mẹ́ta mẹ́ta, pẹ̀lú ń, ǹ, ḿ àti m̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 42. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ju 26 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó báyìí: ẹ gé kọ́ńsónáǹtì 16 tí kò ní àmì ìsàlẹ̀, fáwẹ́lì a, e, i, o, u, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀ kan, àmì ohùn òkè kan àti ti ìsàlẹ̀ kan. Mẹ́rìnlélógún (24) péré nìyẹn, ẹ ó sì fi kọ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tó wà láyé, nítorí pé ìpele-ìpele ni à ń to nǹkan. Gb kò nílò ju g àti b lọ. Kí gbogbo fáìlì lẹ́tà náà ga bákan náà, kí ẹsẹ̀ wọn lè máa wà lójú ìlà kan.

Ta ló ni ọnà náà?

Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọnà ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo iṣẹ́ ayàwòrán títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà, àdìrẹ tí oníṣẹ́-ọnà kan tó wà láàyè fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ yà, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sínú ohun tí ẹ fẹ́ tà tàbí pín kiri. Ọnà àtijọ́ bí Ìbàdàndùn kò ní olúwa kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n òfin náà dáàbò bo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá bí ẹnìkan bá fẹ́ fi ṣòwò. Láàárín ẹbí tàbí ẹgbẹ́, ohun tó kéré jù tí a lè ṣe ni kí a kọ orúkọ ọnà àti ti ẹni tó ni aṣọ sí ẹ̀yìn ìwé. Bí òǹtẹ̀ ayàwòrán bá wà lẹ́yìn fọ́tò àtijọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ náà sílẹ̀.

Ìtọ́jú iṣẹ́ náà

Ẹ fi orúkọ ọnà pe fáìlì: "ibadandun-bebaeyin" sàn ju "IMG_0047" lọ. Ẹ fi èyí tó ṣì ní ìpele-ìpele pamọ́ ní XCF, kí ẹ lè tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ fi PNG ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gẹ́gẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì ni kí ẹ fi í ránṣẹ́. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, yóò dín in kù, ihò rẹ̀ á sì di. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sí ibi méjì ó kéré tán, nítorí fóònù tó bọ́ sọ́wọ́ olè kì í padà wá jẹ́jọ́.

Ìwé Màmá Àgbà jẹ́ ojú ewé 24. Gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀ wá láti ara ìró mẹ́ta, ọ̀já aṣọ òkè mẹ́rin àti bọ́tìnnì bùbá kan. Mo ti kó bébà ẹ̀yìn, férémù àti lẹ́tà 24 náà sínú àpò fáìlì kan fún ẹgbẹ́ tó ń jáde lọ́dún yìí, ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀ka wa ló sì lè gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má fi í ṣe gbogbo rẹ̀. Aṣọ wà nínú àpótí ìyá tiyín náà. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ nísinsìnyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà nílé.